“Hight” kì í ṣe àṣìkọ “height”: “ń jẹ́” ni ìtumọ̀ rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ti gbó, tí ó sì ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n tí àwọn tí ń ka ewì àtijọ́ ṣì máa ń bá pàdé, tí ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń ṣì túmọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni “hight”. Àwọn kan rí i, wọ́n rò pé ẹni tí ó kọ ọ́ ló gbàgbé lẹ́tà kan, pé “height”, ìyẹn gíga, ni ó ní lọ́kàn. Àwọn mìíràn tí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni a máa sọ pé ó túmọ̀ sí “pè” tàbí “sọ lórúkọ”, èyí tí ó sún mọ́ òtítọ́ ṣùgbọ́n tí ó ń da ètò gbólóhùn rú. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé àwọn òǹkàwé yín ni pé “jẹ́” ni “hight” túmọ̀ sí, “jẹ́” inú “kí ni ó ń jẹ́?”. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá ti ní ohun tí yóò fi lóye rẹ̀ lọ́wọ́, ó tilẹ̀ sàn ju ẹni tí kò gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì òde òní lọ.

Ipò olùwà ni kí a kọ́kọ́ wò. Bí mo bá ní “wọ́n ń pè é ní Theseus”, àwọn tí ń pe orúkọ ni olùwà, ẹni tí ó ni orúkọ sì wà ní ipò àbọ̀. Bí mo bá ní “ó ń jẹ́ Theseus”, ẹni tí ó ni orúkọ gan-an ni olùwà, kò sì sí ẹlòmíràn kankan nínú gbólóhùn náà. Kò sí ẹni tí yóò máa béèrè ta ni ó sọ ọ́ lórúkọ. Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ “jẹ́” yìí. “Is called” ni ó ń lò, ìyẹn ni pé ó mú ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó jẹ́ ti ẹni tí ń pe orúkọ, ó yí ìrísí rẹ̀ padà kí ẹni tí a pè lè bọ́ sí ipò olùwà, ó sì fi “is” ṣáájú rẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò sá tọ ọ̀rọ̀-orúkọ lọ, yóò ní “his name is”. “Hight” ń dá iṣẹ́ náà ṣe láìsí olùrànlọ́wọ́. “He hight Theseus” kò ní “is”, kò ní “was”, kò sì nílò wọn.

Mi ò ṣàdédé mú orúkọ Theseus. Geoffrey Chaucer, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú ní ọdún 1400, fi í bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí ajagun ẹlẹ́ṣin sọ nínú Canterbury Tales: “Ther was a duc that highte Theseus”. Bí a bá ní kí a túmọ̀ rẹ̀, kò sí ohun tí a ó tò tàbí tí a ó tún: “Ìjòyè ńlá kan wà tí ó ń jẹ́ Theseus”. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bọ́ sí ipò rẹ̀. Ẹ sì kíyè sí i pé “ń jẹ́” wa kò yí padà bí ìjòyè náà tilẹ̀ ti kú tipẹ́. Bí a ṣe ń lò ó fún ẹni tí ó wà láàyè náà ni a ṣe ń lò ó fún ẹni ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìwà “hight” nìyẹn gẹ́lẹ́, nítorí ìrísí kan náà ni ó ń lò fún ìsinsìnyí àti fún ohun tí ó ti kọjá. Kì í sì í ṣe ènìyàn nìkan ni ó ń jẹ́ orúkọ. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé kan náà, Chaucer sọ ti ilé èrò kan ní Southwark, ní òdìkejì odò Thames sí ìlú London, ó sì kọ ọ́ pé “That highte the Tabard”, ìyẹn, “tí ó ń jẹ́ Tabard”.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá ni “hātan”, ọ̀rọ̀-ìṣe inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èdè tí wọ́n ń sọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn ará Normandy tó ṣẹ́gun ibẹ̀ ní ọdún 1066. Iṣẹ́ mẹ́ta ni “hātan” ń ṣe. Ó lè túmọ̀ sí pípàṣẹ, ó lè túmọ̀ sí ṣíṣe ìlérí, pàápàá nígbà tí wọ́n bá fi “ge-” ṣáájú rẹ̀, ó sì lè túmọ̀ sí sísọ nǹkan lórúkọ. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ kan ru ẹrù mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Ẹnu ni a fi ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí ẹnu bá sì sọ nínú wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán: àṣẹ ń de ẹni tí a pa á fún, ìlérí ń de ẹni tí ó ṣe é, orúkọ kì í sì í kúrò lára ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù lọ nípa ti pípàṣẹ kò sí nínú ìwé kankan. Ara ohun ọ̀ṣọ́ wúrà kékeré kan ni ó wà, èyí tí wọ́n rí ní North Petherton, ní agbègbè Somerset, ní ọdún 1693, tí ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ashmolean ní ìlú Oxford títí di òní. Lẹ́tà wúrà yí etí rẹ̀ po, wọ́n sì kà báyìí: “AELFRED MEC HEHT GEWYRCAN”. Ohun ọ̀ṣọ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀, ó ní: “Alfred ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe mí”. Ọba Alfred, tí ó wà lórí ìtẹ́ Wessex láti ọdún 871 sí 899, ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó ń tọ́ka sí. “Heht” tí ẹ rí níbẹ̀ ni ìrísí tí “hātan” ń gbé wọ̀ nígbà tí nǹkan bá ti kọjá, inú rẹ̀ sì ni “hight” ti jogún ìrísí tí a mọ̀ ọ́n mọ́ lónìí. Ọba yìí kan náà fi “hateð”, ìrísí ìsinsìnyí, bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tí ó kọ sí Bíṣọ́ọ̀bù Wærferth ti Worcester, níbi tí ó ti pàṣẹ pé kí wọ́n bá òun kí i.

Ìrísí nìkan ni “hight” jogún lára “heht”. Ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn, “hātte”, ni ó ti rí ìtumọ̀ “ń jẹ́” gbà, ibí yìí gan-an sì ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn ún wádìí lójú tèmi. Láyé àtijọ́, àwọn èdè tí ó bá Gẹ̀ẹ́sì tan ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń yí ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe padà kí ẹni tí wọ́n ṣe nǹkan sí lè di olùwà, láìlo ọ̀rọ̀ olùrànlọ́wọ́ kankan. Èdè Gothic, tí Bíṣọ́ọ̀bù Wulfila túmọ̀ Bíbélì sí ní ọ̀rúndún kẹrin, ṣì ní ọ̀nà yìí, ó sì ń lò ó fún oríṣiríṣi ọ̀rọ̀-ìṣe. Nínú Lúùkù orí kejì, ẹsẹ kẹrin, níbi tí wọ́n ti dárúkọ ìlú Dáfídì, ohun tí Gothic sọ ni “sei haitada Beþlahaim”: “tí ó ń jẹ́ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù”. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì yóò fi di èdè tí wọ́n ń kọ sílẹ̀, ọ̀nà náà ti pa rẹ́ lára gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, àfi ẹyọ kan ṣoṣo. “Hātte” ni ẹyọ kan náà. Ẹni tí ó bá ń bá “hight” pàdé nínú ewì, ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú ètò gírámà kan tí ó ti parun láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tí ì kọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ni ó ń rí yẹn, èyí sì ni ìdí tí inú mi kì í fi í dùn nígbà tí wọ́n bá kà á sí àṣìkọ.

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí “hātte” àti “jẹ́” ṣe bára mu tó, inú àwọn àlọ́ àpamọ̀ tí ó wà nínú Ìwé Exeter ni kí ẹ wò. Ọ̀rúndún kẹwàá ni wọ́n fi ọwọ́ kọ ìwé náà, Bíṣọ́ọ̀bù Leofric, tí ó kú ní ọdún 1072, sì fi í ta kàtídírà Exeter lọ́rẹ. Àwọn àlọ́ inú rẹ̀ lé ní àádọ́rùn-ún. Nínú púpọ̀ nínú wọn, ohun tí a ń pa àlọ́ lé lórí ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, yóò sọ bí ó ṣe rí àti ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, lẹ́yìn náà ni yóò kọjú sí ẹni tí ń gbọ́, yóò ní: “Saga hwæt ic hatte”. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Yorùbá: “Sọ ohun tí mo ń jẹ́”. “Saga” ni “sọ”, “hwæt” ni “ohun tí”, “ic” ni “mo”, “hatte” ni “ń jẹ́”. Kò sí èyí tí ó yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹni tí yóò sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì òde òní yóò ní “say what I am called”, yóò sì fi ọ̀rọ̀ méjì ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ kan.

Lẹ́yìn ọdún 1066, bí àwọn ìparí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń rọ̀ tí wọ́n sì ń jábọ́, “heht” àti “hātte” kò dá yàtọ̀ mọ́ létí àwọn tí ń sọ èdè náà. Ìrísí ti àkọ́kọ́ gba iṣẹ́ ti ìkejì mọ́ra, wọ́n sì di “highte”, lẹ́yìn náà “hight”. Láyé Chaucer, wọ́n ń pe “gh” inú rẹ̀ láti ọ̀nà ọ̀fun, bí àwọn ará Scotland ṣe ń pe “hecht” tiwọn, tí ó túmọ̀ sí “ṣe ìlérí”. Nígbà tí ìró náà dákẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, “hight” wá bá “night” àti “light” dọ́gba ní pípè, ó sì bá “height” náà dọ́gba. Ohun tí ó tún mú ìṣòro pọ̀ sí i ni pé àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́ kan máa ń kọ “height” fúnra rẹ̀ ní “hight”. Nítorí náà, ojú nìkan kò lè yanjú rẹ̀. Ohun tí ó wà níwájú àti lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ni kí a wò: bí “the” bá ṣáájú rẹ̀, gíga ni, bí orúkọ ènìyàn, ẹranko tàbí ibìkan bá rọ̀ mọ́ ọn, “ń jẹ́” ni.

Àwọn ìbátan rẹ̀ kò kú. Ará Jámánì tí ó bá fẹ́ sọ orúkọ rẹ̀ yóò ní “ich heiße”, ará Netherlands yóò ní “ik heet”, ará Sweden yóò ní “jag heter”, ará Denmark yóò lo “hedder”, ará Iceland yóò lo “heiti”. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn, ọmọdé tí ó ń kọ́ àwọn èdè yẹn sì máa ń kọ́ ọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó jẹ́ kí tirẹ̀ sọnù láàárín wọn. “Call” tí ó gba ipò rẹ̀ kì í tilẹ̀ í ṣe ọmọ ilé. “Kalla” ni, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Scandinavia àtijọ́ mú dé nígbà tí wọ́n wá jagun tí wọ́n sì wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó jọ mí lójú níbẹ̀ ni pé àwọn tí ó mú “kalla” dé ní “heita” tiwọn, wọn kò sì fi sílẹ̀ títí di òní.

Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, “hight” ti di ọ̀rọ̀ tí àwọn akéwì ń wá kiri kí ewì wọn lè dún bí ti àtijọ́, ibẹ̀ sì ni àṣìlò ti wọlé. Edmund Spenser ni ẹ̀rí rẹ̀. Nínú The Faerie Queene, tí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1590, ó ṣàpèjúwe ẹnubodè ààfin kan, ó ní “Yet charge of them was to a Porter hight”. Ohun tí ó fẹ́ sọ ni pé wọ́n fi ìṣọ́ ẹnubodè náà lé aṣọ́nà kan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n “hight” kò fìgbà kankan túmọ̀ sí “fi lé lọ́wọ́” lẹ́nu àwọn tí ó bí i. Spenser ni ó fún un ní iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, bóyá nítorí pé ó ń wá ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ yóò bá ìparí ìlà mu. Èyí tí ó wá dùn mí jù ni ìlà tí ó tẹ̀ lé e, níbi tí ó ti dárúkọ aṣọ́nà náà, Malvenu. Ibẹ̀ gan-an ni “hight” ì bá ti jókòó dáadáa, “Cald” ni Spenser sì lò níbẹ̀. Ben Jonson, tí òun náà jẹ́ akéwì, sọ lẹ́yìn náà pé bí Spenser ṣe ń fara wé àwọn ará àtijọ́, kò kọ èdè kankan. Ọ̀rọ̀ náà le, kò sì tọ́ kí a fi í pa gbogbo iṣẹ́ Spenser rẹ́, àmọ́ lórí ìlà méjì yìí, Jonson jàre.

William Shakespeare mọ̀ ọ́n lò, ó sì mọ̀ pé ó ti gbó. Nínú Love's Labour's Lost, ọba ń sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin kan tí ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ńláńlá, ó ní “This child of fancy, that Armado hight”: ẹni tí ó ń jẹ́ Armado. Ó yẹ ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí a fi aṣọ àtijọ́ wọ̀ ni ọkùnrin náà ń sọ látòkè délẹ̀. Nínú A Midsummer Night's Dream, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọn kò mọ eré ṣe kó ara wọn jọ láti ṣeré níwájú ìjòyè, ẹni tí ó ń ṣe ìfihàn eré náà sì sọ nípa kìnnìún pé “This grisly beast, which Lion hight by name”. “By name” tí ó fi kún un kò wúlò, nítorí orúkọ ti wà nínú “hight” tẹ́lẹ̀. Shakespeare mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí àwọn tí ń wòran lè rí i pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kò mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí ó gbé dání.

Ní ọdún 1812 ni Lord Byron tún gbé e jáde nínú Childe Harold's Pilgrimage: “Childe Harold was he hight”. Kí n tó kọjá, “childe” yìí kì í ṣe ọmọdé. Oyè ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́lá tí kò tí ì di ajagun ẹlẹ́ṣin ni. Byron fi “was” ṣáájú “hight”, àwọn kan sì máa ń bi mí bóyá ó tọ̀nà. Lójú ẹni tí ó bá mọ “hātte”, “was” náà jẹ́ àfikún tí a lè yọ kúrò, ṣùgbọ́n irú ìlò bẹ́ẹ̀ ti wà ṣáájú Byron, kò sì ba ìtumọ̀ jẹ́, nítorí náà n kò ní pè é ní àṣìṣe. Àṣìṣe ni kí ènìyàn kọ “they hight him Harold”, kí ó máa rò pé òun sọ pé wọ́n sọ ọ́ ní Harold, nítorí pé ó ti gba ipò olùwà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni orúkọ. Bákan náà ni kí ó máa so “-s” tàbí “-ing” mọ́ ọn. “Hight” kan ṣoṣo ni ó wà fún èmi, ìwọ, òun àti àwọn, fún òní àti fún àná.

Àwọn tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lóde òní ń béèrè bóyá wọ́n lè lò ó. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n má ṣe lò ó nínú ìròyìn, lẹ́tà tàbí àròkọ, nítorí pé yóò dá òǹkàwé dúró láìnídìí. Ẹni tí ó ń túmọ̀ ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì fẹ́ kí ó dún bí ohun tí ó ti pẹ́, lè lò ó lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, bí ó bá mọ ipò tí ó yẹ kí ó wà. Mímọ̀ ọ́n láti fi kàwé ni ó ṣe pàtàkì. Ẹ̀jẹ̀ “hātan” sì kù nínú Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ lójoojúmọ́, bí ó tilẹ̀ fara pamọ́: “behest”, tí wọ́n ń lò nígbà tí ẹnì kan bá ṣe nǹkan nítorí pé ẹlòmíràn pàṣẹ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni. Ìlérí ni “behest” kọ́kọ́ túmọ̀ sí, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé “land of behest” ni wọ́n ń pe Ilẹ̀ Ìlérí láyé àtijọ́, kí ó tó di pé ìtumọ̀ àṣẹ borí rẹ̀. Iṣẹ́ méjì nínú mẹ́ta tí “hātan” ń ṣe ló ṣì kọjá lára ọmọ yìí.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní sí àwọn tí ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ka ìwé ìròyìn yín, ni pé bí wọ́n bá dé orí “hight”, kí wọ́n má ṣe kọ “pè” tàbí “sọ lórúkọ” síwájú rẹ̀. “Jẹ́” ni kí wọ́n kọ, kí wọ́n sọ pé orúkọ ni ó máa ń tẹ̀ lé e, pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, pé kì í yí ìrísí padà. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n fi ìlà Chaucer nípa Theseus ṣe àpẹẹrẹ, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ lábẹ́. Ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún kò ní gba àyè púpọ̀ nínú ìwé wọn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín.